Èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà oríkì Bàbá Àlàbí jẹ́, kì í ṣe Rakiya

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí Bàbá Àlàbí tẹ orúkọ ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Sabon Gari. Oríkì wa jáde lójú ẹ̀rọ náà, ìlà mẹ́tàdínlógún gbáko, lẹ́tà funfun lórí búlúù. Bàbá kà á sókè. Bàbá tèmi, tí wọ́n bí sí Zaria, tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń lálàá, bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni mo bà jẹ́, mo sì ti ẹ̀bi rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá. Ayọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó, ìtìjú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n jẹun.

Fáànù ni mo ń tún ṣe ní Gyellesu. Ti kọ̀ǹpútà, èmi ni mo kọ́ ara mi. Nígbà ayé Bàbá Àlàbí, ó lọ bá àwọn àgbà Yorùbá ìlú wa nílé kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ oríkì wọn sínú sọ́fítíwíà àtijọ́ kan. Bí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ, tí àlùfáà bá ṣe tán, wọ́n á wá sílé Bàbá kí wọ́n bá wọn ka oríkì ọmọ náà, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí Bàbá kú, Alhaja, ìyàwó rẹ̀, ló ń kà á.

Alhaja ní kí n wá tún fáànù pálọ̀ ṣe. Fáànù nìkan ni o. Ó lọ kí aláìsàn kan ní Basawa, ó fi mí síbẹ̀. Mo rí i pé Windows àtijọ́ ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà náà, tuntun sì wà nínú fláàṣì lápò mi. Ọwọ́ ń yún mi. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo kọ́kọ́ da fódà Bàbá sórí fláàṣì mi, mo wá gbé Windows tuntun wọlé, mo dá fódà náà padà. Gbogbo rẹ̀ dán gbinrin!

Alhaja dé pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gbọ́ oríkì ọmọ wọn. Ó tẹ sọ́fítíwíà náà. Kò ṣí.

“Kí ló ń wí yìí, Sàláù?”

“Ó ní òun ò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí, mà.”

“Kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ lánàá! Ta ló fọwọ́ kàn án?”

Rakiya ń gbé omi wọlé lọ́wọ́. Ìyàwó ọmọ Alhaja ni, ọmọ Hausa láti Bomo, kò tíì pé oṣù kan tó wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ló wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Fáírọ́ọ̀sì ni, Alhaja. Ó jọ pé inú fláàṣì Rakiya ló ti wá.”

Rakiya wò mí. “Haba, Malam Sàláù! Fláàṣì tí ẹ̀yin fúnra yín tà fún mi?”

Alhaja ló dáhùn: “Ẹni tí kò mọ iyì oríkì ló pa á.”

Láti ọjọ́ náà, Rakiya kì í jókòó ní pálọ̀ mọ́. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ki ọmọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, fódà Bàbá sì wà nínú fláàṣì mi ní gbogbo àsìkò yìí.

Mo gbìyànjú o! Mo dán gbogbo ohun tí Windows ní fún sọ́fítíwíà àtijọ́ wò. Pàbó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ti Bàbá jẹ́ bíìtì mẹ́rìndínlógún, irú ti ayé àtijọ́, Windows tí mo gbé wọlé sì jẹ́ bíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kì í gba irú rẹ̀ wọlé rárá. Kò bàjẹ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn! Mo wá rí ètò kékeré kan tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dín ìyára rẹ̀ kù kó lè bá ti ayé àtijọ́ mu, mo tẹ bọ́tìnnì.

Búlúù!

Mo fò sókè, mo forí gbá fáànù tí mo so kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Oní-tíì iwájú mi pariwo: “Sàláù, ìyàwó ẹ bímọ ni?”

“Ó ju ọmọ lọ!”

Àmì wúruwùru ló kọ́kọ́ jáde níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà. Mo tú fódà náà títí mo fi rí fáìlì lẹ́tà tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo ṣí i ṣáájú sọ́fítíwíà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ sì tò. Mo wá ń ka ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó ní Bomo, kó tó kú. Ó kọ kírárì ilé bàbá Rakiya, bí àwọn Hausa ṣe ń kira wọn, ó tú u sí Yorùbá nísàlẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé: “Rakiya, ìyàwó ọmọ mi. Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ máa fi pè é.”

Ẹnikẹ́ni kò fi pè é rí. Alhaja kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Rakiya yóò tún bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Alhaja ní kọ̀rọ̀, àbí kí n pe àwọn ìyá mẹ́ta yẹn padà sí pálọ̀, níbi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́? Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún Rakiya fúnra rẹ̀? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ìdílé igba ó lé mẹ́rìnlá ni Bàbá kọ síbẹ̀. Títí di àná, igba ó lé méjìlá ni mo rí kà dáadáa. Láàárọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ló ṣí, igba ó lé mẹ́rìnlá pé pérépéré. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó ṣí.