Bin Tó Dúdú Bí Ẹtù

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fi ohun tí ẹ bá ń ṣe sílẹ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi yìí dópin. Ẹ̀gbọ́n Adébáyọ̀, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kó ìkòkò aró Màmá lọ lọ́la. Ojú Màmá kò ṣe bàìbàì. Èmi Adégbénga, ọkọ Wùnmí ọmọ wọn, ni mo purọ́ mọ́ wọn, ọdún méjì ni mo sì fi gbé irọ́ náà mì. Bí mo ṣe ń tẹ èyí sórí fóònù, inú mi ń dùn bíi ti alárù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ọdún 2017 ni, nígbà tí iṣẹ́ epo dojú dé ní Calgary. Basement ilé Ẹ̀gbọ́n Oyèwálé là ń gbé ní Rundle, Màmá sì wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbé bin kẹta dé: black fún ìdọ̀tí lásán, blue fún páálí àti ike, green fún àjẹkù oúnjẹ àti ewé. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá ti di ọ̀gá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ló ń fi bébà wé èèpo iṣu, àwọn ló ń ṣí bin green wò láràárọ̀. Wọ́n á ní, "Àwọn ará ibí yìí mà gbọ́n o, wọ́n tún rí ilẹ̀dú kó nínú èèpo iṣu."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé wọ́n ti ní kí n máa lọ ilé níbi iṣẹ́ láti oṣù kẹjọ. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Láràárọ̀ ni Wùnmí ń bu ìrẹsì àti ẹran sínú kúlà fún mi, èmi náà á so táì mọ́rùn, màá wa mọ́tò lọ sí Airdrie, ìlú kejì sí Calgary, màá jókòó sínú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Bí mo bá gbé e wọlé, Wùnmí á bi mí. Bí mo bá dà á sínú bin green, Màmá á rí i. Ni mo bá ń dà á sínú bin blue, màá fi páálí bò ó. Ẹ lè ní ṣé kò sí ibi tí èèyàn lè da ìrẹsì sí ní gbogbo Airdrie ni. Ó wà. Òmùgọ̀ ni mí. Títí mo fi ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ni mo máa ń rò pé màá ṣì jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí rí i. Wọ́n fi bin náà sílẹ̀, wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ẹ̀gbọ́n Oyèwálé sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. "Gbénga, what is this now? Jollof rice nínú recycling? Ta ló ń ṣe é? Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ máa wá ilé míì o." Mo ṣíjú wo Wùnmí, ó gbé ọmọ dání. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Màmá ni. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ mọ́."

Ká ní ó tán síbẹ̀, ì bá sàn. Wùnmí ní ká dán Màmá wò. Inú snow la dúró sí, níwájú bin mẹ́ta. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo nìyí?" Màmá wo bin blue, wọ́n ní, "Dúdú ni." Green ńkọ́? "Dúdú náà ni." Wùnmí bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ̀rọ̀: ewé tútù, dúdú ni, aró, dúdú ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Màmá tún fẹ́ ṣàlàyé, "Eléyìí dúdú bí aṣọ ẹtù, ìyẹn dúdú bí ewé," èmi, ìkà ènìyàn, ni mo já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu: "Wùnmí, fi wọ́n sílẹ̀, òtútù ń mú wọn." Ìyá tó ti ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú láti kékeré, tó lè fi ojú lásán sọ iye ìgbà tí aṣọ wọ inú aró, òun ni mo ní kò mọ blue. Láti ọjọ́ náà Wùnmí kò jẹ́ kí wọ́n dáná mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n pọn ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a dá wọn padà sílé.

Ní airport, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbénga, bàtà rẹ ni mo máa ń rí láti fèrèsé basement, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bin tó dúdú bí ẹtù yẹn. Mi ò mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè jẹun, kò yẹ kí wọ́n tún lé e nílé. Jẹ́ kó jẹ́ èmi." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wùnmí rò pé ó dìgbóṣe ni mò ń kí wọn.

Láàárọ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n Adébáyọ̀ kọ ọ́ síbí pé àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ kó ìkòkò náà, torí ojú Màmá kò ṣe é fọkàn tán mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti Canada dé. Bí mo ṣe kà á tán ni mo lọ bá Wùnmí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó sunkún, ó bú mi dáadáa, ó ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí yóò ti rí i. Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá sókè òkun, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún ará ilé yín. Ìrẹsì tí èèyàn fi páálí bò á rùn dandan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra aṣọ funfun kan fún Màmá lọ́la, kí wọ́n bá mi pa á láró. Ẹ ní àwọ̀ bin ìjọ́sí ni mo fẹ́. Ẹ má sọ èwo fún wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n.