Ẹ̀gbà Fàdákà tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Kí N Yọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́ tí wọn yóò so yìgì Àṣàkẹ́, àkọ́bí mi, gbogbo ará ilé wa ní Ajah ni inú wọn sì ń dùn. Èmi nìkan ni mo ń rìn káàkiri bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ẹ̀gbà fàdákà kan wà ní ọrùn ọwọ́ òsì mi tí ìyá ọkọ mi ní kí n sọ sínú iná kí n yọ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń dáná nídìí iṣẹ́ mi, tí mo máa ń fín in títí tí yóò fi pọ́n, tí n óò sì tún jókòó máa wò ó títí yóò fi kú. Ẹ má tíì pè mí ní alágídí. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà tí n kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lóde rí.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni bàbá mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọkùnrin, wọ́n sì ní àwọn kò ní tìtorí ìyẹn gbé iṣẹ́ àwọn sin, ni wọ́n bá fi kọ́ mi. Ìda oyin ni wọ́n máa ń fi mọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, wọn á fi amọ̀ bò ó, wọn á gbé e sínú iná. Ìda á yọ́ jáde, fàdákà gbígbóná á wọlé rọ́pò rẹ̀. Bó bá tutù, wọn á fọ́ amọ̀ náà. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ wá sí Ajah, tí ọ̀nà wa ṣì jẹ́ iyanrìn, tí ọ̀sà wà lápá kan tí òkun wà lápá kejì, ojú mi là sí nǹkan mìíràn. Mo rí i pé n kò nílò láti máa fi ìda mọ ewé. Mo lè fi amọ̀ bo ewé gan-an, kí iná jó o di eérú nínú amọ̀, kí fàdákà gba ipò rẹ̀, tòun ti gbogbo iṣan tó wà lára rẹ̀. Háà, mo gbéra ga nígbà náà! Ewé, ìtànná, èso igi wẹ́wẹ́, kò sí ohun tí n kò sun. Oníbàárà mi kan tún wà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó ti òkè òkun dé, tó kó amọ̀ òyìnbó aláràbarà bọ̀ wá fún mi. Èyí kò fẹ́ iná púpọ̀, kí a kàn tẹ́ iyanrìn gbígbóná sínú ìkòkò kí a gbé amọ̀ náà sórí rẹ̀ kí a dé ìkòkò, á sì gan. Òun ni mo fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ àlùkò bíi ti òdòdó tó máa ń fà lórí iyanrìn etí òkun, tí mo ń kó o pọ̀ mọ́ ewé fàdákà. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà máa ń wọkọ̀ ojú omi láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá rà á.

Ìyá ọkọ mi ni igi lẹ́yìn ọgbà mi. Ẹní ìko ni wọ́n ń hun, káfíńtà ni ọmọ wọn tí í ṣe ọkọ mi, Èkó ló sì ti ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń rí i. Nítorí náà, àwa méjèèjì la ni ilé. Bí Ìyá bá ti oko ìko dé, wọn á tú etí ìró wọn, wọn á kó ewé tí wọ́n ṣà lọ́nà jáde, wọn á ní, “Ìyàwó, wo èyí, ṣé iná rẹ lè jẹ ẹ́?” Orí ẹja tó bá sanra jù nínú ọbẹ̀, tèmi ni. Àwọn aládùúgbò a máa bi mí bóyá ọmọ ni mo fẹ́ tàbí ìyá, Ìyá a sì dá wọn lóhùn pé àwọn ló san owó orí.

Ìyá ti bí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ọkọ mi. Ibà ló mú un lọ nígbà tó wà ní nǹkan bí ọdún méje, kí èmi tó mọ ọ̀nà Ajah rárá. Àwọn èèyàn ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n agbè náà kò tún rí omi mìíràn pọn. Ìyá ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ òkú, ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, kí n wá orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ fún un. Mo sọ ọ́ ní Awẹ́lẹ́wà. Ó dùn mọ́ Ìyá débi pé wọ́n ṣí àpótí wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n tú gèlè àtijọ́ kan, wọ́n fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí a fi ìko hun hàn mí. Awẹ́lẹ́wà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún fún wọn láti inú ìko ẹní wọn. Ó wọ́ díẹ̀, okùn rẹ̀ kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi náà fẹ́ràn ọmọ tí n kò rí rí yìí, ó ń wù mí kí n ṣe ojúṣe ìyàwó fún un.

Àfi bí Ìyá ṣe lọ sí Ìbẹ̀jù fún ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ àbúrò wọn, tí wọ́n lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Mo ti rí i pé ìko náà ń rún, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Mo ní n óò ya Ìyá lẹ́nu, n óò sọ ẹ̀gbà Awẹ́lẹ́wà di fàdákà tí kòkòrò kan kò ní lè jẹ láéláé. Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Amọ̀ òyìnbó kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, kò ju ẹyin adìẹ lọ. Mo lè tẹ ìko náà mọ́ ọn lára, kí n da ìda sójú ibi tí mo tẹ̀, kí n fi ìda yẹn ṣiṣẹ́, kí n sì dá ìko padà sínú gèlè láìfarapa. Ṣùgbọ́n mo ń ṣahun amọ̀ náà, mo ti fi í pamọ́ de ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó kan. Mo tún sọ fún ara mi pé ojú ìko kò ní hàn dáadáa tó. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo gbé ohun tí ọmọ olọ́mọ fi ọwọ́ hun, mo fi amọ̀ bò ó, mo sì tì í sínú iná.

Iṣẹ́ náà dára! Bí mo ṣe ń fọ́ amọ̀ ni mo ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìhun rẹ̀ ló jáde, tó fi mọ́ okùn kan tó yọ yẹn. Èmi nìkan jó yí ìdí iná po, pẹ̀lú Àṣàkẹ́ lẹ́yìn mi.

Nígbà tí Ìyá dé, mo kúnlẹ̀, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi ìka tọ ìhun rẹ̀ látòkèdélẹ̀, wọ́n súre fún mi títí tí ojú fi tì mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn mú ìko wá kí àwọn gbé méjèèjì ti ara wọn. Wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n tú gèlè. Mo rántí pé wọ́n gbọn gèlè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni mo sọ fún wọn bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, àdí ni mo máa ń fi pa irun rẹ̀. Ọwọ́ aládìí ló fi hun ún. Mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn orí rẹ̀ lára ìko yẹn.”

Wọ́n bi mí níbi tí mo da eérú sí. Etí ọ̀sà ni mo máa ń da èéfọ́ amọ̀ mi sí, omi sì ti gbá a lọ. A jọ lọ síbẹ̀, a dúró, a ń wo omi. Nígbà tó pẹ́, Ìyá ní ó dáa, kí a lọ dáná oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbọ́, ó bínú, ó ní kí n kó irin iṣẹ́ mi, kí n máa lọ sọ́dọ̀ bàbá mi. Ìyá ló dìde dúró sáàárín wa, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹ̀gbà fàdákà náà tí wọ́n fi bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, n kò bọ́ ọ rí. Gbogbo oníbàárà ló ń yìn ín. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyàwó, èyí fáìn gan-an o, ṣe irú ẹ̀ fún mi.” Mo kọ̀. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí mo ti rí àwòrán rẹ̀, mo máa ń sọ pé inú ewé ni. Kí ni ǹ bá sọ?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá pè mí sórí ẹní wọn. Ojú wọn kò ríran tó mọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n di ẹ̀gbà náà mú. Wọ́n ní, “Yọ́ ọ. Fi ṣe yẹtí fún Àṣàkẹ́, kí ó jẹ́ ìtànná.” Mo bú sẹ́kún, mo ní ohun kan ṣoṣo tó kù lára Awẹ́lẹ́wà nìyẹn. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi kò hun ún kí ẹnì kan máa fi jẹ ara rẹ̀ níyà. Mo ti dárí jì ọ́ lọ́jọ́ tí a jọ lọ etí omi. Ìwọ lo kò tíì bọ́ ọ.”

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn lóore, ẹ kọ́kọ́ bi í, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni èmi alára ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́ n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ mi sì yá. Ní báyìí tí àwọn fúnra wọn ti pàṣẹ, iná lásán ni mo ń dá. Ṣé kí n ṣe é ni, àbí kí n bẹ̀ wọ́n? Láràárọ̀ ni wọ́n ń ké sí mi láti inú yàrá pé, “Ìyàwó mi, ṣé o ti dáná?” Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, mo ti dáná. Wọn kò béèrè ohun tí mo sọ sínú rẹ̀.