Bíró Pupa Lábẹ́ Òṣùpá Méjì

Alága ìjókòó wa, mo kí yín. Ọ̀gá àgbà ilé ìtẹ̀wé yìí, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi, torí orúnkún mi ò bá ilẹ̀ rẹ́ mọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ wá wò ó bóyá èmi náà máa sunkún, mo rí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń to lẹ́tà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gé bébà, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò pa yín kó má baà pa ìwé wa, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì tẹ́ ẹ jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ̀ ń wo aago, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yá mi létí yín díẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò lónìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ ìwé wò nínú yàrá tó wà lókè àtẹ̀gùn kejì. Ìwé jọ́gíráfì àti ìwé ìṣirò ni tèmi. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé odò kan ṣàn lọ sí àríwá, èmi ni mo máa wá àwòrán ilẹ̀ kí n rí i bóyá àríwá ló lọ lóòótọ́. Tí wọ́n bá ní ọkùnrin mẹ́fà gbẹ́ kòtò lọ́jọ́ mẹ́rin, èmi ni mo máa ṣírò iye ọjọ́ tí ọkùnrin mẹ́jọ máa fi gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni, tí kò bá sí ọ̀lẹ láàárín wọn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú yàrá yẹn. Ẹnì kan á máa kà á sókè, ẹnì kejì á máa fojú bá a lọ, àmì kankan ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. "Odò náà gùn, kọ́mà, ó sì jìn, ìdánudúró." Ó mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo gbé e délé. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò, kódà ó ṣe é ní ọ́fíìsì wa níbí: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó, kọ́mà, kí ẹ jẹun." Aránṣọ ni. Aṣọ oníbàárà, á fara balẹ̀ wá òwú tó bá a mu. Tèmi, òwú tó bá ti wà nínú abẹ́rẹ́ náà ni. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀ yìí. Bọ́tìnì kẹta, òwú pupa ni. Ẹ má rò pé mi ò rí i. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti lọ, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú òwú yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ forí jì mí. Àwọn lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí mi láti ilé ẹ̀kọ́, mo fi bíró pupa tún wọn ṣe, mo sì dá wọn padà sí yín. Ìyẹn wà lára ẹ̀ṣẹ̀ mi, ṣùgbọ́n kékeré ni. Ńlá rẹ̀ ń bọ̀.

Ìlara ni. Mi ò ṣe ìlara ẹni tó ra mọ́tò, mi ò sì ṣe ìlara ẹni tí wọ́n gbé ga níṣẹ́. Obìnrin tó jókòó kọjú sí mi fún ọdún méjìlélógún ni mo ṣe ìlara rẹ̀, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Òṣùpá. Òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to lẹ́tà sójú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá ti tó, á fa jọ́tà kan yọ, á máa kọ ìtàn ayé tí kò sí: ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, igi tó ń bá ẹni tó gbìn ín sọ̀rọ̀, ìlú kan tó ní òṣùpá méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ilé iṣẹ́ yìí tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tó oṣù mẹ́ta tí lẹ́tà àwọn tó kà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ṣe rí lọ́dọ̀ èmi. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí, méjì péré ni àwọn tó ń kàwé kọ sí mi. Tíṣà kan ló kọ àkọ́kọ́, ó ní mo jẹ́ kí òkè kan ga ju bó ṣe ga lọ. Tíṣà yẹn náà ló kọ ìkejì, ó ní òun ṣì ń retí èsì. Ìyá Òṣùpá ní tiẹ̀ jẹ́ kí odò gun òkè, kò sí tíṣà tó bú u. Àwọn ọmọdé ló kọ̀wé sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí odò náà bá dé orí òkè, ibo ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀?" Apẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ kún débi pé wọ́n ń kó èyí tó kù sínú tèmi. Ṣé ẹ ti rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí?

Mo wá ń bi ara mi léèrè pé, kí ló dé tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn irú ìtàn yìí tó báyìí? Ṣé ayé tí Ọlọ́run dá ò tó wọn ni? Mo dáhùn bí onílara ṣe ń dáhùn. Mo ní èmi ni wọ́n ń sá fún. Ayé tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá, ta ló fẹ́ sọ pé ó ṣì í? Mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n, ẹni tí kò lè wá àwòrán ilẹ̀ ló ń ya tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Òṣùpá yọjú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá Bíró Pupa, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí òṣùpá tó ń fa omi òkun bá jẹ́ méjì, ẹ̀ẹ̀melòó ni òkun máa kún lóòjọ́?"

Mo ní kò sí òkun níbẹ̀, kò sì sí òṣùpá níbẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mo fún un lésì, ó fa ojú ìwé mẹ́fà ya, ó tún wọn kọ, torí apẹja inú ìtàn rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ jáde lásìkò tí omi ò sí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó dá ayé tiẹ̀ sílẹ̀, òun ló máa dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, òun ló máa sọ ibi tó ti wá. Ìyẹn wá bí mi nínú ju ti ọ̀lẹ lọ.

Èmi náà gbìyànjú ẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọkùnrin kan sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, mo ní, omi tó máa mu lọ́nà ńkọ́? Mo ṣírò omi. Mo ṣírò àgbá tí wọ́n máa rọ omi sí. Omi wúwo jù, ọkọ̀ ò lè gbéra. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ó de bẹ́líìtì mọ́ra.

Ó wá kan ohun tí mo ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú ìyàwó mi, ọ̀gá tó wà nígbà náà fi ìwé àfọwọ́kọ kan lé mi lọ́wọ́, pé kí n kà á, kí n sọ bóyá ká tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ òfin wa: ẹni tó bá kọ irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í buwọ́ lù ú. Ìwé kejì Ìyá Òṣùpá ni. Nínú ìwé yẹn, tí ará ìlú olóṣùpá méjì náà bá kú, ọkọ̀ kan á gbé e lọ sórí òṣùpá kékeré, á tan àtùpà síbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì máa rí iná náà láti ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá tó bí Ìyá Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn. Mo rí àtùpà màmá náà nínú ìwé. Mo dá a mọ̀, torí ìbòrí aláwọ̀ ewé tí màmá máa ń dè wá sí ọ́fíìsì wa ni wọ́n so mọ́ ọn.

Inú bí mi. Mo ní, òun rí ibi gbé ìyá tiẹ̀ sí. Èmi ńkọ́? Nínú gbogbo ìwé jọ́gíráfì tí mo ti yẹ̀ wò, gbogbo òkè, gbogbo erékùṣù, èwo ni mo fẹ́ gbé ìyàwó mi sí? Òtítọ́ kún ọwọ́ mi, kò sì sí àga kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lè jókòó sí. Mo fa bébà, mo kọ ìlà mẹ́ta: Ìtàn yìí kò ní ìpìlẹ̀. Kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Kí a má tẹ̀ ẹ́. Mi ò buwọ́ lù ú, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Òṣùpá gba ìwé rẹ̀ padà, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kò fa jọ́tà yọ lọ́sàn-án mọ́. Fún ọdún mẹ́jọ, á jẹun ọ̀sán tán, á máa wo ògiri, èmi náà á sì máa wò ó. Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá pa iná aládùúgbò rẹ̀, ṣé tiẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀ sí i? Àwa méjèèjì la jọ wà nínú òkùnkùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń kó ẹrù mi sínú páálí, mo bá dìde lọ bá a. Mo ní, "Ìyá Òṣùpá, èmi ni mo kọ àbọ̀ yẹn."

Kò yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ó ti pẹ́."

Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé ìwé náà jáde. Ẹ̀yin tá a jọ ń yẹ ìwé wò, ẹ̀yin nìkan ni irú ìwà òmùgọ̀ yìí máa yé. Èmi tí mo ní kí wọ́n má tẹ ìwé yẹn, mo ti fi bíró pupa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí kọ́mà kan tí mo fò. Ó ní, "Ta ló ń fọ aṣọ tó fẹ́ jù nù, sà?" Ó wá ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí òṣùpá kékeré. Mo rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀: Ṣé àyè ṣì wà nínú ọkọ̀ náà? Mi ò rántí pé mo kọ ọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun bínú sí mi fún ọdún méjì, kí òun tó wá tún ìbéèrè yẹn kà. Ó ní àtìgbà yẹn, ẹ̀rù ìwé kíkọ ló kù tó ń ba òun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kó ojú ìwé díẹ̀ fún mi lára ohun tuntun tó ń kọ. Ó ní, "Ẹ kà á, sà, ṣùgbọ́n ẹ fi bíró yín sílẹ̀ níbí."

Ọ̀gá àgbà, ìdí nìyẹn tí àpòòwé kan fi wà níwájú yín. Àbọ̀ tuntun ni, lórí ìwé tí mo pa lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo buwọ́ lu èyí, mo sì kọ orúkọ mi ní kíkún. Tó bá lòdì sófin, ẹ lé mi níṣẹ́.

Ẹ tún máa bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn àtimáa kọ ìtàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò báyìí ni pé ilé ayé yìí ò gba gbogbo ẹni tí a nífẹ̀ẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé yìí ń kọ́ yàrá kún un ni.

Lójú ìwé kẹtàlá nínú ohun tó kó fún mi, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá kékeré. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, bíró pupa wà lápò rẹ̀. Obìnrin kan jókòó ti àtùpà, ó ń ránṣọ. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jókòó, kọ́mà, kí ẹ sinmi." Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkùnrin náà, ó gán bọ́tìnì kẹta fún un. Òwú funfun ló fi gán an.

Àṣìṣe nìyẹn. Èmi tí mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ̀. Ọwọ́ mi lọ sápò, bíró ò sí níbẹ̀. Mo wá rò ó pé, bóyá níbẹ̀ yẹn, ó ti wá ráyè wá òwú tó bá tèmi mu. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Òṣùpá, mi ò ṣe ìlara yín mọ́. Ọkùnrin inú ìwé yẹn ni mò ń jowú. Òun ló jókòó tì í níbẹ̀, èmi ni mo dúró síbí tí mò ń sọ̀rọ̀.

Kí ilé iṣẹ́ yìí má ṣe kú. Kí ojú yín má ṣe ṣú lẹ́nu iṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa pa iná ẹlòmíì, kí àyè má sì tán nínú ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ mi ti tó, kọ́mà, ẹ ṣé o.