Oògùn Tí Mo Dà Nù, Kíndìnrín Tí Àbúrò Mi Fún Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́ta. Àbúrò mi ti lóyún báyìí, mi ò sì lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Dagenham nílùú Òyìnbó ni mò ń gbé. Lúpọ́ọ̀sì ló ń ṣe mí, àìsàn tó ń mú kí ara èèyàn máa bá ara rẹ̀ jà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kíndìnrín mi lọ yẹ̀ wò, dọ́kítà ní ó kàn wú ni, pé oògùn á kápá rẹ̀.

Mo lò ó. Àmọ́ oògùn náà mú kí ojú mi wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún bíi ti ẹni tó fomi sẹ́nu. Èmi ni mo sì máa ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking. Lọ́jọ́ Sunday kan, arábìnrin kan wò mí títí.

"Ah, sister, ṣé ìwọ rèé? Mi ò mà dá ẹ mọ̀ o!"

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń da oògùn sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Ojú mi fọn lóòótọ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi wú. Wọ́n tún mú ẹran kíndìnrín mi yẹ̀ wò. Dọ́kítà ní gbogbo ibi tó yẹ kó máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti di àpá, pé àpá kì í sì í padà di ẹran. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn.

Bùkọ́lá àbúrò mi ló bá mi dáhùn. "Wọn ò fo ọjọ́ kan rí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí kíndìnrín mi méjèèjì kọṣẹ́, Bùkọ́lá ló fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí méjì ni Ọlọ́run fún mi."

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje báyìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò torí kíndìnrín kan tó kù. Lọ́jọ́ tí mo sìn ín lọ, nọ́ọ̀sì bi í léèrè ìdí tó fi yọ èkejì. Ó ní, "Oògùn ni ò ran ẹ̀gbọ́n mi." Mo dìde, mo jáde, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ọsibítù bíi wèrè.

Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má ru sí i. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ó ti ní èmi ni òun fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ẹ sọ fún mi, ọwọ́ wo ni kí n fi gbà á?