Télọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ

Etí mi yìí, tó ti gbọ́ ìjà Ìkọ̀tún láti Ìyànà Ìpájà rí, kò rìn jìnnà lọ́jọ́ tí mò ń dúró de ṣòkòtò mi ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin télọ̀ kan, tí ọkùnrin tó ń kọ pátákó gbé pátákó obìnrin náà dé.

“Bọ̀dá, TAILOR ni mo ní kí ẹ kọ. Kí ni SEAMSTRESS ń wá níbí?”

“Àǹtí, ohun tí òyìnbó ń pe obìnrin tó ń ránṣọ nìyẹn. Wọ́n ya tiyín sọ́tọ̀.”

“Ta ló bẹ̀ wọ́n? Irú pátákó yìí ni mo gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ọkùnrin á kà á tán, wọ́n á ní, ‘Ẹ bá wa pe télọ̀.’ Èmi rèé, téèpù wà lọ́rùn mi! Ọdún méjì, mi ò rí agbádá kan rán, iṣẹ́ tí mo kọ́ gan-an.”

“Gírámà ni, àǹtí.”

“Abẹ́rẹ́ mi kì í bèèrè bóyá mo wọ kọ́mú kó tó wọnú aṣọ.”

Ọkùnrin náà wojú mi pé kí n gbe òun. Èmi tí ìdí ṣòkòtò mi ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ obìnrin yẹn?