Èmi Ni Mo Fa Ìwé Òfìfo, Ìyá Sàfí Ni Wọ́n Lé

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè dárúkọ ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn báyìí, àyà mi á já. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mi ò ti lè dá a gbé mọ́.

Ọ́fíìsì kan lẹ́bàá èbúté Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa la máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Ìyá Sàfí, ará Ṣakété, ló ń to ìwé sínú rẹ̀, àwọn náà ló ń kó èyí tó bá jáde fún oníkálukú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.

Mo ń wáṣẹ́ síbòmíràn ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń tẹ lẹ́tà mi. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà mi bọ́ sáàárín ìwé ọ̀gá, díẹ̀ ló kù kí àṣírí tú. Ni mo bá wọ inú kọ̀ǹpútà, mo ṣètò ẹ̀rọ náà pé kó máa tú ìwé òfìfo kan jáde lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí tèmi lè dá dúró. Mo rò pé tèmi nìkan ni yóò máa ṣe é fún. Àṣé gbogbo wa ló kàn.

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, wọ́n nu inú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ yíǹkì. Ìwé òfìfo ò yé jáde. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kò sóhun tó ṣe é. Mo mọ ohun tó fà á, ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọn ìbá bi mí pé kí ni mò ń fi pamọ́.

Nígbà tó yá, aṣọ́bodè dá fáìlì oníbàárà kan padà nítorí ìwé òfìfo tó wà láàárín rẹ̀. Ẹrù náà há sí èbúté. Ọ̀gá pe Ìyá Sàfí síwájú gbogbo wa, ó ní ojú wọn ti ń ṣú, wọn ò ríran dáadáa mọ́, pé àwọn ló ń da ìwé òfìfo mọ́ ìwé gidi.

Ìyá Sàfí yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ìwọ náà máa ń wà níbẹ̀. Ṣé bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn?”

Mo wolẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Ọ̀gá ní kí Ìyá Sàfí máa lọ sílé, pé iṣẹ́ wọn ti parí. Ẹ̀rù bà mí pé bí ìwé òfìfo bá ṣì ń jáde, ẹlòmíràn ni yóò kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo yọ ohun tí mo ṣe kúrò. Ìwé òfìfo dáwọ́ dúró. Gbogbo ọ́fíìsì wá ní, ṣé ẹ rí i pé ìyá yẹn náà ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ Ìyá Sàfí fà wọ́n lọ́wọ́ wá sílé mi ní Akpakpa. Ó ní láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti ní ojú ìyá òun ń ṣú, wọn kì í ka Kùránì mọ́, àwọn ọmọ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n dá sọdá títì. Ìyá Sàfí ní, “Mo wá tọrọ àforíjì ni. Ojú mi ló fìyà jẹ yín, mi ò tètè mọ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń bá mi ṣa ìrẹsì tó wà nílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí èmi ò rí, àwọn ń ṣà á sọnù.

Bí mo bá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, mi ò sì tíì rí èyí tí mò ń wá. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ wọn, mi ò mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ Ìyá Sàfí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló ti kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí?