Èmi Ni Mo Jí I, Èmi Náà Ni Mo Dájọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí n kò bá pọ̀ ọ́ jáde báyìí, yóò fún mi pa. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní Ẹ̀jìgbò, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbíjáǹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹnu sọ ọ́ níbi ìpàdé, ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ara Ààrẹ ti yá, wọ́n ti ń ṣeré!" Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláwàdà gbọ́. Èmi Mùtàlíbù, tí mo fi orí ìtàgé jẹun títí dé Àbíjáǹ kí n tó padà sílé, èmi tí ẹ fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ omi, èmi ni mo ba ẹ̀rọ omi jẹ́ lọ́dún yẹn. Kì í ṣe Lùkmọ́nù. Ẹ padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe Lùkmọ́nù.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá rántí, n ó rán yín létí, nítorí ẹ̀yin ará ibí, bí omi bá ti ń yọ báyìí, ẹ kì í rántí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a ní àwa ò fẹ́ ìjà, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba Nàìjíríà gan-an ni a ó ṣe tiwa. Ààrẹ kan, Ilé Aṣòfin kan, adájọ́ kan. Ilé ni yóò ṣe òfin omi, ààrẹ ni yóò mú òfin náà ṣẹ, adájọ́ ni yóò sọ ẹni tó rú u, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ ẹnì kejì. Ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lu òfin, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé bá tún dìbò fún un, òfin ti di òfin nìyẹn, kí ààrẹ lọ máa jẹ iyanrìn. Ààrẹ ni yóò yan adájọ́, Ilé ni yóò fọwọ́ sí i, ààrẹ ò sì lè dá nìkan yọ ọ́. Bàbá David, alàgbà ìjọ tí a fi ṣe adájọ́, ló takú pé àfi bẹ́ẹ̀. Ó na ìka sí mi lójú gbogbo yín. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, bí ẹ bá jẹ́ kí Mùtàlíbù máa ṣe òfin, kó tún máa dájọ́, ẹ ó mu omi náà o, ṣùgbọ́n ẹ ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ibo ni a ti wá ṣìnà? Ibi tí ó jẹ́ pé àwa ará Ẹ̀jìgbò nìkan ló lè ṣìnà síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbíjáǹ ló dáwó jù fún kànga náà, a wá ní kí á yẹ́ wọn sí. Kí la fi yẹ́ wọn sí? Ilé Aṣòfin! Gbogbo àga Ilé, ará Àbíjáǹ la gbé e fún, a sì fi Àlájà Àṣàkẹ́ tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ṣe olórí wọn. Àwọn èèyàn tí kì í wálé àfi ìparí ọdún! Wọ́n á dé, wọ́n á wọ léèsì, wọ́n á sọ Faransé sí ewúrẹ́, wọ́n á ṣe òfin, wọ́n á sì tún bọ́ sọ́kọ̀. Ilé Aṣòfin tí ó ń gbé ìlú òkèèrè! Lóòótọ́, èmi rí i pé kò dáa. Mo rí i, mo dákẹ́, inú mi dùn. Aláìṣòótọ́ ni mí.

Àlájà Àṣàkẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi eré mú. Nígbà tí wọ́n wálé ní ìparí ọdún kan, Ilé ṣe òfin pé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ààrẹ, ọwọ́ Lùkmọ́nù tí a gbà láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ ni kó wà. Mo ní n kò buwọ́ lù ú. Àlájà dìde, ó ní, "Président, non! Ṣé ẹ̀yin lẹ ni omi ni?" Wọ́n tún dìbò, ìbò náà borí tèmi. Lùkmọ́nù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìyá rẹ̀ Sọ̀fíyátù dá tọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n mú un ni." Mo gbá a léjìká, mo rẹ́rìn-ín. Ààrẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ààrẹ kí nìyẹn?

Wàyí o, gbólóhùn kan wà nínú òfin ẹgbẹ́ tí èmi fúnra mi fi síbẹ̀. Ó ní bí pàjáwìrì bá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Ilé ò sí nítòsí, kí ààrẹ máa ṣe gbogbo rẹ̀ lọ títí Ilé yóò fi jókòó. Mo sọ fún yín nígbà náà pé nítorí bí iná bá ṣẹ́ yọ ni. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí iná ń wá nínú omi! Ohun tó kù fún mi ni pàjáwìrì. Nígbà tí kò dé fúnra rẹ̀, mo lọ mú un wá. Mo pe Sàlàkọ́ tó ń tún iná ṣe. Ó ní nǹkan kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, kàpásítọ̀ lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ti ẹ̀rọ gbéra, bí a bá yọ ọ́, ẹ̀rọ yóò kàn máa kùn ni, kò ní fa omi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ti forí lé mọ́ṣáláṣí tí àwọn Kristẹni sì wà lóko, mo lọ bá Lùkmọ́nù níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Mo ní, "Lùkmọ́nù, mú kọ́kọ́rọ́ wá, mo fẹ́ wo mítà." Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí. "Bàbá, Ilé ní..." Mo ní, "Ṣé èmi ni o fẹ́ ka òfin fún?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó lọ kírun. Èmi ò kírun. Mo lọ dúró ti Sàlàkọ́ títí ó fi yọ ọ́.

Ẹ rántí ìyà tó tẹ̀ lé e, garawa tó tò dé ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo kéde pàjáwìrì, mo ní olè ti jí kàpásítọ̀ lọ. Àlájà Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀ láti Àbíjáǹ lórí gúrúùpù Wọ́sáàpù wa, ó ní Ilé fẹ́ jókòó lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ni gúrúùpù. Mo ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, mo fi àtàǹpàkò kan tí kò lọ́bẹ̀ yọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe tú odindi Ilé Aṣòfin ká nìyẹn, mo sì tún bu òkèlè.

Ó ku adájọ́. Ẹ ti ń pariwo pé ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ ló máa mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ti fa Lùkmọ́nù dé iwájú Bàbá David. Ṣùgbọ́n Bàbá David kì í kánjú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ gbogbo ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ náà gbà kọjá kí òun tó lanu. Mo ní mo yọ ọ́ nípò adájọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ààrẹ, ẹ lè yàn mí, ẹ ò lè yọ mí láìsí Ilé." Mo ní, "Ilé wà ní Àbíjáǹ, pàjáwìrì sì wà níbí." Ó wo yín lójú, ó ń retí kí ẹ sọ̀rọ̀. Kí lẹ sọ? Ẹ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Ààrẹ ṣe é kíá, òùngbẹ ń gbẹ wá!" Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Èmi náà bá gun àga adájọ́. Ibi tó burú jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Kàpásítọ̀ náà wà nínú àpò agbádá mi bí mo ṣe jókòó. Mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Lùkmọ́nù, ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Mo ṣe ojú kan, ojú tí mo máa ń ṣe lórí ìtàgé bí ìyàwó bá ká mi mọ́, ojú tí ẹ fẹ́ràn. Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ló pa ọmọ náà. Mo ní, "O ní ẹlẹ́rìí?" Ẹ̀rín ṣì ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹlẹ́rìí mi." Mo dá a lẹ́bi. Mo ní ẹnikẹ́ni láti ilé wọn ò gbọdọ̀ pọn omi níbẹ̀ mọ́. Mo wá fi àánú lé e, mo ní kí ẹ má mú un lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún àánú mi! Lẹ́yìn ilé, Sàlàkọ́ fà mí láṣọ. "Ààrẹ, ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan o." Mo ní bí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, n ó tún un ṣe. A dá kàpásítọ̀ padà bí ẹni pé a ra tuntun, omi yọ, ẹ gbé mi sọ́rùn. Ọmọ náà di ẹrù sí Àbíjáǹ, ìyá rẹ̀ sì ń gbé garawa lọ sódò láàárín ẹ̀yin tí omi wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Mo rò pé ìparí ọdún yóò tú mi fó. Ilé Aṣòfin dé, mo ti múra àtibẹ̀bẹ̀. Wọ́n rí omi, inú wọn dùn. Àlájà Àṣàkẹ́ nìkan ló ń bèèrè ìbéèrè, àwọn tó kù ń sọ pé, "Laisse, Àlájà, ẹ fi í sílẹ̀, omi ń yọ." Àṣé wọ́n ti gbà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹ ò yan Ilé mọ́, ẹ ò yan adájọ́ mọ́. Ẹ ní Ààrẹ ń ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin náà! Ẹ sú mi! Olè ni mí, ẹ tún gbé gbogbo ilé lé mi lọ́wọ́.

Níkẹyìn, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, mo gbà pé ó ti tán. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí mo bá yè, n ó jẹ́wọ́. Dókítà dé, ó tẹ ikùn mi, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ lásán! Mo ní ìlérí ti tú nìyẹn, mo ti ń wá bàtà mi. Ìgbà náà ni Sọ̀fíyátù wọlé. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ààrẹ, ẹ kú àánú ọjọ́sí, tí ẹ ò jẹ́ kí ọlọ́pàá mú ọmọ mi. Ó pè mí, ó ní ṣé ara yín ti le. Ó fẹ́ wálé. Ẹ bá mi foríjì í." Ààrẹ nìkan ló lè dárí ji ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi, ẹ̀yin lẹ fi í sínú òfin bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ pé mo ti foríjì í, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n mi kọ̀. Bí mo bá foríjì í, ṣebí mo tún pè é lólè lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Mo sọ fún un níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò níwájú mi, ó pe Lùkmọ́nù, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé ara yín ti balẹ̀?" Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n dá ẹjọ́ náà tún. N ò wálé fún ìdáríjì." Mo lọ bá yín, ẹ tún rẹ́rìn-ín. Mo sá lọ bá Bàbá David. Mo ní, "Ẹ dá mi lẹ́jọ́." Ó ní, "Èmi kì í ṣe adájọ́." Mo ní, "Mo yàn yín padà." Ó ní, "Ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í yan adájọ́ ara rẹ̀. Ilé ló máa fọwọ́ sí i." Mo ní, "Kí Ilé wá, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ mí." Ó ní, "Ilé wo?" Ẹ gbọ́ wàhálà! Mo fẹ́ jẹ̀bi, n kò rí ẹni tó lágbára láti dá mi lẹ́bi. Gbogbo ọwọ́ tó yẹ kó mú mi, mo ti gé e.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, kì í ṣe kí ẹ foríjì mí, kò tíì kàn yín. Ẹ jáde lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ẹ yan Ilé tuntun láàárín àwọn tó ń sùn nílùú yìí, tí òùngbẹ ń gbẹ pẹ̀lú yín. Kí wọ́n yọ mí, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, kí ẹni náà yan adájọ́, kí Ilé fọwọ́ sí i. Sàlàkọ́, mo mọ̀ pé ò ń ka èyí, má sá, ìwọ náà ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe gbogbo rẹ̀ kíá, ì báà máa pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ta ni kò bá yín rẹ́rìn-ín. Lùkmọ́nù ọmọ mi, bí o bá gbọ́ pé wọ́n ti yan adájọ́, wọ ọkọ̀. Ìyá rẹ yóò jókòó níwájú. Èmi yóò wà lórí ìdúró, n kò sì ní ṣe ojú kankan.